Tún-un-wọ̀n àti Ilé Nọ́ọ̀sì

Tún-un-wọ̀n ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà ò sì dùn mọ́ ọn nínú rárá. Káfíńtà gidi ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ pákó kékeré báyìí, á wọ̀n ọ́n, á tún un wọ̀n, á pe ẹlòmíì pé kó wá bá òun wò ó, kó tó fi ayùn kàn án. Àwọn tó kù á ti gé tiwọn, wọ́n á ti kàn án tán, wọ́n á ti jókòó máa mu omi, òun á ṣì ki pẹ́ńsùlù bọ etí. Àga tó bá kàn kì í mì, ìyẹn ò ṣeé jiyàn sí. Pákó ló ní sùúrù láti dúró dè é. Ayé ò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, alágbàfọ̀ ni. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé nínú àgbàlá kan tó jẹ́ pé ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé ń lò, ìyàwó onílé ò sì fẹ́ rí okùn aṣọ sójú. Bí Ìyá Ìbejì bá sá aṣọ oníbàárà, obìnrin náà á já okùn sílẹ̀, á ní ṣé ilé òun ti di ọjà àkísà ni. Aṣọ funfun báláú á bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ìyá Ìbejì á ṣà á, á tún un fọ̀, á sì tún lọ bẹ ẹni tó já a. Ó ń bẹ̀ ẹ́ títí àwọn Ìbejì fi dàgbà tí wọ́n lọ sílé ọkọ. Kò bẹ Ọlọ́run fún mọ́tò, kò bẹ̀ ẹ́ fún góòlù. Ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni ò ti ní já okùn òun ló ń fẹ́.

Ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì bá fẹ́ ta ilé rẹ̀, kó lè lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé níbi tó jìnnà. Ilé kékeré ni, òrùlé ń jò, àmọ́ ẹ̀yìnkùlé fẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ omi sì wà níbẹ̀. Tún-un-wọ̀n san àsansílẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wọn máa yá a ní ìyókù, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ pé kó máa bá òun ṣí fèrèsé. Ẹ fi káfíńtà sínú ilé tí fèrèsé ẹ̀ ti jẹrà, ẹ wá ní kó káwọ́ gbera? Ó pààrọ̀ igi àjà, ó kan ilẹ̀kùn tuntun, ó kan tábìlì gígùn kan mọ́ ògiri ẹ̀yìn tí ìyàwó rẹ̀ á ti máa lọ aṣọ, gíga rẹ̀ bá ìbàdí obìnrin náà mu gẹ́lẹ́, kí ẹ̀yìn má baà máa dùn ún. Ìyá Ìbejì fọwọ́ pa tábìlì náà, omi bọ́ lójú ẹ̀. "Ẹ ṣeun, olówó orí mi," ló ń sọ.

Àfi bí nǹkan ṣe dojú rú. Owó ò ra nǹkan mọ́. Iléeṣẹ́ àga tí Tún-un-wọ̀n ti ń ṣiṣẹ́ ò rí oníbàárà, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, á nàka sí àwọn kan, wọ́n á di irinṣẹ́ wọn, ó di ilé. Bí wọ́n bá nàka sí òun náà ńkọ́? Ẹgbẹ́ á gba ilé, àsansílẹ̀ á wọgbó. Ẹ̀rù bà á, kò sì yẹ ká bú u fún ìyẹn. Ibi tó gbé ẹ̀rù náà lọ ni mo fẹ́ torí ẹ̀ bú u.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ń ta sìmẹ́ǹtì ló lọ. Òun nìkan ló lówó nínú ẹbí, òun ni gbogbo wọn sì ń gbàmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀, bíi pé inú àpò kan náà ni owó àti òótọ́ inú ń gbé.

"Àna mi, dìde nílẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Gbèsè lo fẹ́ jẹ lásìkò yìí? Ṣé orí ẹ pé? Owó ilé ń bọ̀ wá wálẹ̀, àwọn tó ń tà á ló máa máa bẹ̀ wá. Àjà ò fura, àjà jìn. Dúró ná!"

"Ìyá Ìbejì ò ní gbà, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni ò ní gbà? Àbúrò mi tí mo pọ̀n? Má dá a lóhùn."

"Dúró ná" yìí dùn létí Tún-un-wọ̀n ju orúkọ ẹ̀ lọ. Nígbà tó délé tó rò ó fún ìyàwó rẹ̀, ìyẹn gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀gbọ́n mi ò gbé inú àgbàlá yìí. Ẹ jẹ́ ká rà á. Bí ebi bá máa pa wá, ẹ jẹ́ ó pa wá nílé wa."

"Sùúrù, Ìyá Ìbejì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

"Alákàn tẹ́ ẹ ń wí yẹn, ṣebí inú ihò tiẹ̀ ló ti ń ṣọ́rí!"

Tún-un-wọ̀n lọ bẹ nọ́ọ̀sì pé kó fún òun lọ́jọ́ díẹ̀ sí i. Ìyẹn fún un. Ó tún padà lọ, wọ́n tún fún un. Nígbà tó yá, ó sú màmá náà.

"Ọmọ mi, ọjọ́ ìrìn àjò mi ti sún mọ́lé. Ṣé o ń rà á ni, àbí o ò rà á?"

"Ẹ jẹ́ kí n tún un rò, Mà."

"Ó tó." Ó dá àsansílẹ̀ padà fún un, kò yọ kọ́bọ̀ kan. Owó pé pérépéré, ohun tó lè rà ni kò pé mọ́. Tún-un-wọ̀n káwọ́ lérí. "Àwọn ilẹ̀kùn tí mo kàn ńkọ́, Mà? Igi àjà ńkọ́?"

"Ṣé mo rán ọ ni?" Ó na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù: ara tù ú. Ó sùn, ó hanrun. Ní Fúráìdè tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá lé ìdajì iléeṣẹ́ lọ, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó mi orí. "Ìwọ jókòó. Bí gbogbo wọn bá máa lọ, ìwọ ò ní lọ." Ó tún fi díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀.

Kò pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n wá kí wọn, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè pa ẹnu dé. Ó ti ra ilé nọ́ọ̀sì. Ó ní owó òun ń yọ́ ní báńkì bí ọ̀rá, kí lòun ì bá ṣe?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró!"

"Ìwọ ni mo ní kó o dúró. Ṣé mo ní èmi náà máa dúró ni? Ilẹ̀kùn tó o kàn yẹn dáa o, o ṣeun."

Ó dun Tún-un-wọ̀n dé egungun. Ó fẹ́ pariwo, ó fẹ́ di ẹ̀gbọ́n lọ́rùn aṣọ mú. "Ẹ kú oríire," ló jáde lẹ́nu ẹ̀. Ìyá Ìbejì sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé òpópónà, ó sì pẹ́ kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Tún-un-wọ̀n ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá a tó ń to báàfù léra wọn, áyọ́ọ̀nù ti wà nínú àpò.

"Ayálégbé ló máa gba iwájú ilé nọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa bọ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, kí n máa fọ aṣọ wọn, kí n fi dí owó ilé."

"Kò burú rárá," ni Tún-un-wọ̀n wí, ojú ẹ̀ sì là díẹ̀. "Ìgbà wo la máa kó?"

"Ẹnì kan ni yàrá náà wà fún, Bàbá Ìbejì."

"Ẹnì kan bí i ti báwo? Mo mọ yàrá yẹn! Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wa á wọ̀ ọ́, àpótí á wọ̀ ọ́, àyè á tún ṣẹ́ kù. Ó máa gbà wá, Ìyá Ìbejì."

"Mo mọ̀ pé ó máa gbà wá," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ rù.