Kò Sóhun Tó Ṣe Agídìgbo Náà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju igi tí bàbá mi ń jókòó lé nídìí òfì rẹ̀, mo rò pé bí ilé wa ṣe ń dún ni gbogbo ilé ń dún. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ní agboolé àwọn ahunṣọ. Bí àwọn àgbà bá ti kírun àsùbáà tán, tí wọ́n ti fi àkàrà mu ẹ̀kọ gbígbóná, àgọ́ òfì á bẹ̀rẹ̀: fìrì-gbà, fìrì-gbà, ó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní apá Òkè-Ògùn, ẹ mọ ohùn tí mo ń wí. Àlejò tó bá sùn ní ilé wa lọ́sàn-án kì í jí nítorí ariwo náà mọ́ tó bá ti di ọjọ́ kejì. Ìgbà tí ariwo bá dáwọ́ dúró ló ń jí.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ká òwú sára àwọn igi kéékèèké tí wọ́n ń kì bọ inú ọ̀kọ̀, ìyẹn èyí tí bàbá mi ń jù lọ jù bọ̀ láàárín òwú tó nà sílẹ̀. Bí mo bá ṣeré débi tí òwú fi lọ́ mọ́ra, ìyá mi kì í nà mí. Á ní kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n tú u títí kò fi ní ku koko kan, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mi bá ń ta tẹnten lójúde. Ẹgba ni ì bá wù mí jù. Ṣùgbọ́n a jayé náà. Bí àkókò igbá bá tó, a ó lọ sídìí igi igbá lẹ́yìn ìlú, igi tí wọ́n ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú, a ó máa lá ìyẹ̀fun pípọ́n inú èso rẹ̀ títí ẹnu wa á fi gbẹ. Bí a bá sì gbọ́ ohùn àwọn ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà, a ó sáré lọ bá àwọn ìyá wa, a ó máa fa ìró wọn.

Bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe agídìgbo fún mi. Kì í ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà o. Ó kàn ti gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ kan ní Ògbóòrò nígbà èwe, ibẹ̀ ló ti rí i tí wọ́n ń lù ú lẹ́yìn iṣẹ́ oko, ìfẹ́ rẹ̀ kò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó rí pákó àpótí kan tí wọ́n fi kó tíì wá sọ́jà, ó kàn án pọ̀, ó dá ihò sí i láyà, ó wá to irin pẹlẹbẹ márùn-ún sórí rẹ̀, tó gé lára ayùn tó ti kú. Ó ní, "Bí òwe bí òwe là ń lù ú, Sìdí. Má kánjú." Orúkọ mi ni Sìdíkátù, ṣùgbọ́n Sìdí ni bàbá mi ń pè mí, Bàbá Sìdí sì ni gbogbo àdúgbò ń pe òun náà.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Bí mo bá ti ká òwú tí wọ́n fún mi tán, màá jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì bàbá mi, màá gbé agídìgbo lé itan, màá máa fi àtàǹpàkò ta irin rẹ̀. Bàbá mi ń hun, èmi ń lù. Kò pé ọdún méjì tí ọwọ́ mi fi là. Àwọn obìnrin tó ru èlùbọ́ lọ sọ́jà á dúró, wọ́n á mi ìdí díẹ̀ tẹrù-tẹrù kí wọ́n tó kọjá. Wọ́n ní ọmọ Bàbá Sìdí ń fi irin sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ, ó sì gùn mí. Mo wá ń rìn nílé ìwé bí ìyàwó tuntun.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò yìn mí. Bàbá Ráfíù ni, tí òfì tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá mi. Ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó ní òwú àti ìdí ààrò ni Ọlọ́run dá ọwọ́ ọmọbìnrin fún, pé ohun tí bàbá mi ń ṣe yìí, ó ń ba ọmọ jẹ́ ni. Bàbá mi kì í bá a jà. Ẹ̀rín ló máa ń rín, á ní, "Ẹ jẹ́ kó dọjọ́ tó máa lù ú lójú èrò, ẹ̀yin náà á wá sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ náà dé nígbà tí mo wà ní ìwé karùn-ún. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ò tíì pẹ́ nílùú nígbà náà, ilé ìwé wa kún fọ́fọ́, wọ́n sì fẹ́ ṣe ìdágbére fún àwọn oníwèé mẹ́fà lábẹ́ igi máńgòrò. Tíṣà wa, ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kan tó fẹ́ràn orin, ti gbọ́ ìròyìn mi. Ó kọ orúkọ mi sínú ètò, ó ní kí n gbé agídìgbo wá kí a dán an wò ṣáájú ọjọ́ náà. Mo dá a lóhùn pé kí wọ́n má ṣèyọnu, pé ojoojúmọ́ ni mo ń lù ú nílé. Ó gbà mí gbọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó ń tì mí lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ló kéré jù.

Bàbá mi pe gbogbo àgọ́. Ilé dé ilé ló ti lọ sọ fún wọn. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ Ìtúnu nìkan ni mo mọ̀ tí àgọ́ òfì ń dákẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nídìí òfì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi wọ agbádá sányán tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú, Bàbá Ráfíù wà láàárín wọn, ó ká apá mọ́yà.

Wọ́n pè mí. Mo jókòó, mo gbé agídìgbo lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ orin tí mo mọ̀ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáa. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan kan tí kò sí níbẹ̀, bí ẹni tó na òkèlè sínú òkùnkùn tí kò kan àwo ọbẹ̀. Mo dúró, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Ó yá jù. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó falẹ̀, irin méjì sì ń dún pọ̀ níbi tí kò yẹ. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn ìyá wọn náà kó sí i. Mo gbọ́ ikọ́ Bàbá Ráfíù. Oòrùn ń wọlé láàárín ewé máńgòrò, ó ń ta sí mi lójú, òógùn ń já bọ́ sórí irin.

Tíṣà lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rọra bi mí pé kí ló dé. Ó rọra bi mí, ṣùgbọ́n èmi kò rọra dáhùn.

Mo ní, "Agídìgbo yìí ni kò dáa, sà. Bàbá mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Bẹ́ǹṣì iwájú gbọ́, ẹ̀yìn gbọ́. Bàbá mi ti ń dìde bọ̀ láti wá ràn mí lọ́wọ́. Ó ti gbé ìdí kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó padà jókòó. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀rín bú, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ẹ̀rín náà ti kúrò lórí mi, orí rẹ̀ ló ti bà lé. Kí n má parọ́ fún yín, ara tù mí.

Nígbà tí a délé, ìyá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n gbọ́wọ́ sókè, kí n dijú, nítorí mo dójú ti bàbá mi láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìkúnlẹ̀ náà kò tíì gbóná tí bàbá mi fi wọlé, tó ní kí n dìde. Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Òótọ́ lọmọ sọ. Èmi kì í kúkú ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà."

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ìyàwó kan wà lórí òfì rẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè, kò bójú wò ó. Agídìgbo ló tú palẹ̀. Ó wá ayùn mìíràn, ó gé irin tuntun, ó ń fi òkúta pọ́n ọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú irin náà yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gé e ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi ń ju ọ̀kọ̀. Bàbá Ráfíù kò sọ̀ kalẹ̀ nídìí òfì tirẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá Sìdí, òfì l'Ọlọ́run fún ọ. Fi igi sílẹ̀ fún onígi." Bàbá mi tó máa ń rẹ́rìn-ín dá a lóhùn, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi hun aṣọ ìyàwó náà pẹ̀lú àkísà tó so mọ́ àtàǹpàkò, òwú ń kọ́ ọ, ó ń dúró tú u. Èmi ni mò ń ká òwú fún un. Mò ń wò ó bó ṣe ń tú u.

Ó gbé agídìgbo náà fún mi, ó ní òun ti tún un ṣe, kí n gbọ́ ọ wò. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí. Òun náà padà sídìí òfì, fìrì-gbà, fìrì-gbà, mo bẹ̀rẹ̀, orin náà sì ń dà jáde bí ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi mí rẹ́rìn-ín rí. Inú bàbá mi dùn débi pé ó ṣíwọ́, ó yí padà lórí ìjókòó rẹ̀ kó lè gbọ́ mi dáadáa.

Bí òfì ti dákẹ́, ọwọ́ mi fọ́nká.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ọdún méjì, ẹsẹ̀ bàbá mi tó ń tẹ òfì ni mo ti ń bá rìn. Òun ló ń gbé mi, èmi kò mọ̀, òun náà kò mọ̀. Kò sóhun tó ṣe igi náà, kò sóhun tó ṣe irin àkọ́kọ́. Ọmọ tí kò dá rìn rí ni mo jẹ́, mo sì fi ẹ̀sùn kan ẹni tó gbé mi pọ̀n.

Bàbá mi nawọ́, ó ta irin kan tí-ń-tí-ń, ó bi mí pé, "Àbí irin kẹta yìí ni?"

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀, kò sí èrò, kò sí tíṣà, kò sí Bàbá Ráfíù tí màá sọ pé ó dẹ́rù bà mí. Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, Bàbá." Ó gbé agídìgbo náà kọ́ sókè àjà, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Títí tó fi darúgbó, bí àlejò bá wá, tí wọ́n bá mẹ́nu ba orin, á ní, "Sìdí yìí ì bá ti di olórin. Ọwọ́ mi ni kò mọ igi gbẹ́." Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, ó wá fún ìsọmọlórúkọ, ó fà mí sí ìyàrá, ó ní kí n foríjì òun nítorí igi yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú, nígbà ọyẹ́. Mo ti rìn dé Mẹ́kà, mo ti bẹ Ọlọ́run níbẹ̀ nípa ọ̀pọ̀ nǹkan. Èyí ni mo kọ́kọ́ mẹ́nu kàn.

Nígbà tiwa, tí èèyàn bá ṣi orin lù lójú èrò, ó ti ṣì í lù nìyẹn, ìlú á gbé e relé. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ irú ìyẹn. Inú yàrá ni wọ́n ti ń ṣeré fún gbogbo ayé. Fóònù ló ń gbà á sílẹ̀, èyí tó bá bàjẹ́ wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á ṣe òmíràn. Ìyẹn dáa fún wọn. Kò sí bí mo ṣe lè pa tèmi rẹ́.

Agídìgbo náà ń bẹ lọ́dọ̀ mi. Ọmọ mi obìnrin ń ránṣọ nílé, máṣínnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò, bí mo bá ń gbọ́ ìró rẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbé agídìgbo sọ̀ kalẹ̀. Láìpẹ́ yìí, ọmọ rẹ̀, Àmínà, rí mi tí mò ń lù ú, ó gbé fóònù jáde. Ó ní kí ìyá òun jọ̀ọ́ dá máṣínnì dúró, kí ohùn rẹ̀ lè mọ́. Máṣínnì dúró. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ mi.

Ọmọ náà sún mọ́ mi, ó fọwọ́ kan àwọn irin náà, ó ní, "Màmá àgbà, àbí irin rẹ̀ ló ti bàjẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá o. Kò sóhun tó ṣe é. Kò sóhun tó ṣe é rí. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́. Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lù."

Ó ní kò burú, ó lọ bá eré rẹ̀. Ìyá rẹ̀ padà sídìí máṣínnì. Èmi jókòó síbẹ̀, agídìgbo wà lórí itan mi. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbà mí lákòókò rárá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró de ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ mọ́.