Ìwọ̀n Orí Ibtisam

Irun ni Fawziyah ń dì ní Ẹdẹ, ní ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀. Bí ó bá ti ń ya irun, ojú rẹ̀ á lọ jìnnà bí ẹni tó ń rìn nínú ìrì òwúrọ̀, ìka rẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́. Ó mọ orí tó gùn, ó mọ èyí tó rí roboto. Síbẹ̀, kò tètè kíyè sí orí ọmọ tirẹ̀.

Ibtisam, ìkókó rẹ̀, fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀. Níbi tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni fèrèsé wà. Ibẹ̀ ló máa ń wò, bí oòrùn ṣe ń gba àárín ewé máńgòrò wọlé, tí òjìji ewé ń mì lára ògiri, títí oorun yóò fi rọra gbé e lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Fawziyah ń fi òróró pa á lórí, ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá kan ibi pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn etí ọ̀tún. Ó wo ọmọ náà láti òkè. Etí ọ̀tún ti sún síwájú díẹ̀.

Ó pe ìyá ọkọ rẹ̀. "Màmá, ẹ wá fọwọ́ kan ibí yìí."

Ìyá náà fọwọ́ bà á. "Omi gbígbóná la ó fi tẹ̀ ẹ́ padà. Bí a ṣe ṣe ti ọkọ rẹ nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé e dé ọsibítù ná."

Ìyá náà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Màá bá ọ lọ."

Ní ọsibítù, Dókítà Fọláṣadé kọ́kọ́ fọwọ́ kan àwùjẹ̀ ọmọ náà, ó sì yí ọrùn rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn náà ló mú irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tó rí bí ẹ̀mú. Ó wọn orí náà láti iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì, ó tún wọ̀n ọ́n láti iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún.

"Ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba," ó ní. "Tirẹ̀, ọ̀kan fi mìlímítà mọ́kànlá gùn ju èkejì lọ."

"Ṣé kò ní kan ọpọlọ rẹ̀?" Fawziyah béèrè.

"Rárá. Orí rẹ̀ ń dàgbà bó ṣe yẹ. Orí ìkókó rọ̀, ibi tó ń fi lélẹ̀ jù ló tẹ́." Ó kọjú sí ìyá àgbà. "Màmá, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, ẹ lè pa á lára. Kó máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, àmọ́ ẹ gbé orí rẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wà tẹ́lẹ̀. Bó bá jí, ẹ fi ikùn rẹ̀ lélẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ jókòó tì í."

Nílé, fèrèsé wá bọ́ sí ọwọ́ òsì Ibtisam. Ó sì yí orí sí i, bí òdòdó ṣe ń yí tọ oòrùn. Ìyá tó fẹ́ tẹ orí tẹ́lẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní báyìí, tó ń ki ọmọ náà ní oríkì kó lè gbé orí sókè. Wọ́n á máa wo ara wọn bí ìjàpá méjì tó pàdé lójú ọ̀nà, tí kò sí èyí tó ń kánjú. Fawziyah á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á gbàgbé ohun tó wá mú.

Oṣù mélòó kan kọjá, àkókò òjò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí wọ́n padà lọ wọ̀n ọ́n. Ìyàtọ̀ náà ti ku mìlímítà márùn-ún.

"Díẹ̀ lè kù síbẹ̀," Dókítà sọ. "Irun á bò ó."

Nínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọ̀ padà sílé, ìyá àgbà béèrè pé, "Márùn-ún yẹn, ṣé ó pọ̀?"

"Kò pọ̀, Màmá."

Afẹ́fẹ́ odò Ọ̀ṣun fẹ́ sí wọn lára. Ibtisam ti sùn.