Fèrèsé Tí A Kàn Pa Nítorí Wáyà

Yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Àlájà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ń gbé nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Wáyà iná gba iwájú fèrèsé rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá na apá, á kàn án. Bí ìjì òjò bá ti ń bọ̀, wáyà á máa fì, á máa lu páànù, iná á sì máa ta pàràpàrà. Ọjọ́ tó jó kọ́tìnì ni a pe káfíńtà, tó fi ìṣó kan fèrèsé náà pa.

Láti ìgbà náà, inú ooru ni ìyá arúgbó náà ń sùn. Wáyà gba atẹ́gùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní ó ń gbé iná wá kí fánù lè yí ni, à bá dákẹ́. Kì í sábà gbé e wá.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn ní, “Bàbá, ilé yín ló sún mọ́ wáyà jù.”

Mo ní, “Ilé ló dìde rìn lọ bá wáyà ni? Ọmọ mi, ojú mi ni wọ́n ṣe ri òpó yẹn. Ilé ló ṣáájú.”

Mo ní kí wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ṣe ládùúgbò àwọn olówó. Ó ní omi pọ̀ jù nílẹ̀ tiwa. Mo bi í bóyá orí òkè ni àwọn olówó Èkó ń gbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó họrí. Ó ní ó lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ojú títì wa ti há jù, àfi kí wáyà gba abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé wa kọjá. Bí ẹbí bá ti gbà, kí n padà wá.

Ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, inú ilé la ń sin àgbà sí. Bàbá wa àti ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Nígbà tí ẹbí pé jọ nínú agboolé, n kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí olórí ẹbí fi mi orí. “A kì í gbẹ́ ilẹ̀ sórí bàbá ẹni. Ẹ gbé Àlájà lọ sí yàrá ẹ̀yìn.”

Yàrá tí kò ní fèrèsé rárá! Inú bí mi. Òdìkejì omi ni olórí ẹbí fúnra rẹ̀ ń gbé, fèrèsé tirẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún òkú. Èmi náà ò ní pẹ́ bá wọn. Ṣùgbọ́n òkú kì í làágùn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ariwo wa, ó rọra fi ọwọ́ ti ògiri sọ̀kalẹ̀.

“Àlájì,” ó pe olórí ẹbí, ẹni tí òun ti pọ̀n sẹ́yìn rí ní kékeré, “ta ló gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ṣé o tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá?”

“Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Àbí omi nìkan ni Bàbá fẹ́ràn, kò fẹ́ iná?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àlájì náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà: kí wáyà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó yẹ ojú oórì sílẹ̀.

Mo padà sí ọ́fíìsì. Wọ́n ti gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí lọ síbòmíràn. Obìnrin tó wà lórí àga rẹ̀ ní wáyà abẹ́ ilẹ̀ kò sí nínú ètò àdúgbò wa, pé bó bá bàjẹ́, iṣẹ́ ńlá ni láti wá ibi tó ti já.

Mo ní, “Èyí tó wà lókè, tí gbogbo ayé ń rí, ìgbà wo lẹ wá tún un ṣe?”

“Ẹ máa padà wá, Bàbá.”

Òkú ò dí wa lọ́wọ́ mọ́, ẹbí ò dí wa lọ́wọ́. Àwọn tó ń gba owó iná ló kù. Nígbà tí mo jíṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó bi mí bóyá atẹ́gùn ń wọ ọ́fíìsì wọn. Mo ní ó ń wọ ọ́ dáadáa, atẹ́gùn ọ̀sà ni. Ó ní ó dára, kí n bá òun wá àwọn tó máa gbé òun dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Òun ń lọ jókòó síbẹ̀, òun ń mú ìrọ̀rí lọ́wọ́.