Ikọ́ Inú Orin

Bí èéfín púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń yan lórí iná, bá ti kàn mí nímú, ọ̀sán ọjọ́ kan ní Erinje ni mo máa ń rántí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń kàwé ní yunifásítì ní Òkìtìpupa, wá sílé láti ya fídíò orin tí olùkọ́ wọn ní kí wọ́n ṣe. Ó ti ṣètò rẹ̀ tán: Màmá á jókòó ti iná púpurú, wọn á máa kọrin. Ohùn Màmá dùn, ṣùgbọ́n ikọ́ ń já a gbà lẹ́nu wọn.

Nígbà tó yá, Sìstá gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó ń gé fídíò náà. Bó bá gé ikọ́ kúrò, orin á bá a lọ. Á dá a padà, á tún gé e.

Mo ní, "Sìstá mi, ẹ ní kí Màmá tún un kọ."

"Wọ́n ti tún un kọ títí. Kò sí èyí tí ikọ́ ò sí níbẹ̀."

Ó fi etí ìró nu ojú. Mo rò pé olùkọ́ rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Ẹ̀yìn ìsìnkú Màmá ni mo tó gbọ́ pé Sìstá nìkan ni dókítà ti sọ fún pé ikọ́ náà ò ní lọ.

Màmá wá jókòó tì wá, ẹ̀gẹ́ ṣì funfun lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kan ibi ikọ́, wọ́n ní, "Yọ ìyẹn kúrò o."

"Mo ń yọ ọ́, Màmá," ni Sìstá wí, ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà.