Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, àwọn nọ́ọ̀sì kan gbé tábìlì síwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Ìjerò, wọ́n ní kí àwa àgbà wá yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Mo jókòó, mò ń retí kó kàn mí, ni mo bá gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tú jáde lára aṣọ tí wọ́n fi ń di èèyàn lápá. Ìró yẹn ló gbé mi padà sí ilé bàbá mi. Ó ti rẹ̀ mí láti máa rántí ilé náà, ṣùgbọ́n ta ló tún kù tí yóò rántí rẹ̀?

Nígbà náà, a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àkúrẹ́ ni owó oṣù àwọn tíṣà ti ń wá, bó bá wù ú kó tètè dé, bó bá wù ú kó pẹ́. Bàbá mi jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, màmá mi náà ń kọ́ni. Ilé wa ní fèrèsé onígíláàsì, ó ní fíríìjì, mọ́tò bàbá mi sì ń sùn sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko á wò ó, wọ́n á mí kanlẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé bàbá àti màmá mi kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó fà á, mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní. Èmi àkọ́bí ni mò ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín wọn. "Sọ fún bàbá ẹ pé kẹrosíìnì ti tán." Bàbá mi á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn rẹ̀, á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á wá dúró kí n kọjú sí òun kí n tún un sọ. "Sọ fún màmá ẹ pé mo ti gbọ́." Ẹ̀rín máa ń pa mí nígbà míì, nítorí mo ṣì kéré.

Ògiri kan ló wà láàárín àwa àti Bàbá Dúpẹ́ àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Dúpẹ́. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oko kòkó wọn wà lọ́nà Odò-Ọwá. Ilé alámọ̀ ni tiwọn, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì ń jò. Ṣùgbọ́n inú abọ́ kan náà ni tọkọtaya yẹn ti ń jẹun, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí iyán á fi tán. Màmá mi a máa dúró lójú fèrèsé ilé ìdáná, á máa gbọ́ wọn. Mo máa ń rí i. Ó ń jowú.

Ní ìgbà òjò kan, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ màmá mi, òòyì sì ń kọ́ ọ. Ó ń ṣe Ìyá Dúpẹ́ náà bẹ́ẹ̀, làwọn méjèèjì bá jọ lọ sílé ìwòsàn, mo tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì sọ ohun kan náà fún wọn: ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, kí wọ́n lo oògùn, kí wọ́n fi iyọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n má ronú jù. Màmá mi ra oògùn tirẹ̀ pé. Ìyá Dúpẹ́ ra ìdajì. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, màmá mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Bàbá ẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí lẹ́nu ẹ. Tó bá fẹ́ mọ̀, á bèèrè."

Ìyá Dúpẹ́ ò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tó fi ròyìn fún ọkọ rẹ̀. A gbọ́ ohùn ọkùnrin náà láti ìhà kejì ògiri: "Gbogbo ulé yìí ni yóò jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀." Àwọn ọmọ ń sunkún lórí ẹ̀fọ́ tí kò níyọ̀, bàbá wọn ń jẹ ẹ́, ó ń fajú ro, ó sì ń sọ pé ó dùn.

Nílé tiwa, màmá mi se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí láìfi iyọ̀ sí i. Ó lè bu ti bàbá mi sọ́tọ̀ kó fi iyọ̀ sí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó fẹ́ kó bèèrè. Bàbá mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó dé abọ́ padà. Lọ́dọ̀ tiwa nígbà náà, bí obìnrin bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ síwájú ọkọ, ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti sú òun. "Gbé e padà fún un," ni bàbá mi wí. Lọ́jọ́ kejì, kò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ jẹun ní búkà lẹ́bàá gáréèjì. Màmá mi ń sè é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń retí ìbéèrè. Bàbá mi ń retí ẹ̀bẹ̀. Èmi tí mo wà láàárín, mo gbé abọ́ lọ, mo gbé abọ́ bọ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, mi ò sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ẹbí bàbá mi, wọ́n sì ti Ẹ̀fọ̀n wá. Wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n dá màmá mi lẹ́bi. "Ìyàwó wa, kí ni ọkọ ẹ ṣe tó fi tọ́ sí irú oúnjẹ yìí?" Màmá mi dìde láti lọ bu omi fún wọn, ó sì ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹsẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mọ́tò wà, owó wà, kíá la gbé e dé ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni dókítà ti bi bàbá mi pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti ń dín iyọ̀ wọn kù bí a ṣe wí?"

Kí ẹ má rò pé mò ń yin ìṣẹ́ o. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àdá gé Bàbá Dúpẹ́ lẹ́sẹ̀ lóko. Kò sówó abẹ́rẹ́, wọ́n ń fi ewé dì í títí ara rẹ̀ fi gan bí igi, ó sì kú. Owó ilé wa ì bá gbà á là, ká ní a tètè mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbó kó tó kú ní tirẹ̀. Lóde òní, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní gbogbo kẹ́míìsì, ọ̀nà sì ti dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Fóònù wá ni tọkọtaya fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti yàrá dé pálọ̀. Àwọn tó ń dúró kí wọ́n kọ́kọ́ bi àwọn léèrè ṣì pọ̀, ó sì ń rẹ̀ mí bí mo bá rí wọn.

Màmá mi lo ọdún mẹ́rin sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bàbá mi ló ń fún un lóúnjẹ, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ṣíbí kan fún un, ṣíbí kan fún ara rẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ ní tààrà, gbogbo ohun tí kò bá a sọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń kó abọ́, ó bi mí láìgbójú sókè pé, "Ṣé ìwọ mọ̀ nígbà náà?"

Màmá mi ń wò mí.

Mo ní, "Rárá, sà."

Bàbá mi mi orí, ó gbà mí gbọ́. Màmá mi yí ojú rẹ̀ sí ògiri.