Pátákó Tí Múrì Fi Àáké Là

Láàárọ̀ òní, alápatà ẹ̀yìn ilé wa n'Íbà sọ àáké lé egungun màlúù, gbàgà! Ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké A, B, C fúnra ẹ̀. Ọmọ ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀." Kò mọ̀ pé abẹ́ àáké ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo ń lẹ táyà ní Okokomaiko, kíláàsì àwọn àgbà kan wà lábẹ́ àtíbàbà ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun n'Íbà. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti sá níléèwé ní pírámárì tíríì, ni mo bá di ọmọ kíláàsì àwọn onírùngbọ̀n. Tíṣà wa, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí atẹ́gùn lè gbé, ni ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì ìjọba wá bá, ó ní bí òun bá dé tí àwa tó jókòó ò bá pé ogún, òun á ti ibẹ̀ pa. Ogún géérégé la sì jẹ́. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá sá, ó parí.

Ìdí nìyẹn tí Tíṣà fi ṣòfin: ẹni tí kò bá wá sí kíláàsì, kíláàsì á lọ bá a. A ó gbé pátákó ìkọ̀wé lórí, bẹ́ńṣì léjìká, a ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù onítọ̀hún, a ó máa ké A, B, C títí kọ́sítọ́mà ẹ̀ á fi sá. Télọ̀ kan fi sísọ́ọ̀sì lé wa jìnnà. Alábàárù kan ní Àlàbá ju àpótí rédíò lù wá. A gbé e ṣánlẹ̀, abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló ti ka lẹ́sìnnì ọjọ́ náà tán. Kò pa kíláàsì jẹ mọ́.

Múrì alápatà ni ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀, ọrùn ẹ̀ ki bí òpó iná. Nítorí Ràṣídà, ọmọ ẹ̀, ló ṣe wá. Ó ti fún ọmọ náà ní oògùn ìpara mu, torí kò lè ka ohun tó wà lára ìgò. Ọmọ bì títí ojú ẹ̀ fi yí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ìgbà náà, òjò ò lè dá Múrì dúró, àfi Mọ́ńdè kan tó dìde láti kàwé tí ọ̀rọ̀ ò jáde. Ìyá Ìdòwú ẹlẹ́ja bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ẹni tó ń dá màlúù dùbúlẹ̀, bébà ti dá a dùbúlẹ̀!"

Múrì fi bẹ́ńṣì fọ́ òpó àtíbàbà, ó bá tiẹ̀ lọ. Ní Wẹ́sìdé, kò wá. Ọ̀gá ìjọba sì ń bọ̀ ní Fúráìdé.

La bá gbé pátákó lọ sí ìsọ̀ ẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ràn orí ẹ̀, kó máa lọ sílé!" Múrì ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Orí tìẹ ni ká kọ́kọ́ wò, ọ̀dẹ̀!" Èmi ni. Ọ̀rẹ́ mi ṣáà ni.

Ẹ wo àlàfo yìí lẹ́nu mi. Ẹ̀ṣẹ́ kan ni. Eyín yẹn ò balẹ̀ n'Íbà, Okokomaiko ni kọ́ńdọ́ dánfó kan ti bá a nínú àpò ẹ̀. Ìyá Ìdòwú fi òkú ẹja tó ti di yìnyín gbá Múrì lẹ́yìn ọrùn. Múrì sọ orí màlúù, ó gbé bàbá méjì ṣubú pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn pò mọ́ ti màlúù, ajá ò mọ èyí tí òun ì bá lá. Gbogbo ìyẹn, Tíṣà kẹ̀yìn sí wa, ó ń kọ lẹ́sìnnì.

Ni Múrì bá fa àáké yọ. Gbogbo wa fọ́nká. Tíṣà ò yà. Gbàgà! Pátákó là sí méjì, ìdajì já lé Tíṣà lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tú jáde. Kò ké. Ó yíjú padà, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Bàbá Ràṣídà," ó ní, "wọ́n ṣì máa gbé ìgò oògùn mìíràn wọlé yín. Ta ló máa bá yín kà á?"

Àáké bọ́ lọ́wọ́ Múrì.

Ní Fúráìdé, òun la bá lábẹ́ àtíbàbà. Ó ti fi awọ màlúù àti ìṣó kan pátákó náà pọ̀. Ìyá Ìdòwú sún fún un. Ọ̀gá ìjọba kà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Títí a fi jáde, òórùn awọ yẹn ò kúrò nínú Gẹ̀ẹ́sì wa.

Wọ́n ti kọ́ ilé alájà méjì síbi àtíbàbà. Ẹ̀yin ń kọ́ èdè lórí fóònù báyìí, ó dáa. Àmọ́ bí ẹ bá ṣíwọ́, ṣé fóònù á wá nà yín?

Lọ́dún tó kọjá, a sin Múrì. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà, Ìyá Ìdòwú àtèmi gbé pátákó aláwọ lọ síwájú ilé ẹ̀. Òfin ni òfin. Ràṣídà, tó ti di ìyá ọlọ́mọ, gbé bẹ́ńṣì jáde fún wa. A ké A, B, C. Mo pariwo, "Múrì, ọ̀dẹ̀, jáde wá!" Mo wá yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí ẹnu ọ̀nà, èyí tí eyín ṣì wà, mo dúró.

Ẹ̀ṣẹ́ kankan ò wá.