Omi Ìgbẹ́ Gbuuru àti Ọkàn Ọ̀pọ̀lọ́

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ la ọ̀pọ̀lọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló jí mi. Màámi, tí í ṣe nọ́ọ̀sì, ní kí n má lọ síbì kan. Mo fárígá. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni, mò ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì ní Ìlọrin, wọ́n sì ti ṣèlérí pé a ó fojú ara wa rí ọkàn tó ń lù. Kí n wá jókòó sílé wa ní àdúgbò Adéwọlé nítorí inú rírun? Àgbẹdọ̀!

Màámi bá po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, ó rọ ọ́ sínú ìgò mínírà fún mi. Nígbà náà, kò sí ìyá tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọn kì í kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń po omi yìí, kí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru má baà gbẹ.

"Máa mu ún díẹ̀díẹ̀," ni Màámi wí. "Ọmọ ọwọ́ kì í ṣagídí tó ẹ."

Ní lábù, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ilé aláfàá, la jọ wà nídìí tábìlì tó kẹ́yìn. Wọ́n ti pa ọ̀pọ̀lọ́ náà sílẹ̀ fún wa. Mo gé awọ, mo gé egungun àyà, mo ṣí i.

"Subuhanallahi!" ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Ọkàn náà kò ju èkùrọ́ kan lọ. Ó pupa, ó ń lù, ó ń lù, bí ẹni tí kò gbọ́ pé ẹni tó ni ín ti kú. Ara mi bù máṣọ. Mo gbàgbé inú rírun pátápátá.

Olùkọ́ wa ní òun yóò máa gba tábìlì kọ̀ọ̀kan, ọkàn tí òun bá bá tó ti dúró, òdo ni. Omi oníyọ̀ kan wà tí a ó máa kán sí i kó má baà gbẹ. Àwọn ará iwájú lò ó bí ẹni ń fọwọ́. Nígbà tí ìgò náà yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, kò ku ẹ̀kán kan. Ọ̀rẹ́ mi sáré bu omi ẹ̀rọ dà sí i. Ọkàn náà wú díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí falẹ̀. Olùkọ́ ṣì wà ní tábìlì kejì, ó ń rojọ́.

Omi oníyọ̀ ló ń fẹ́. Kí ló wà nínú báàgì mi bí kò ṣe ìgò Màámi?

"Wallahi, o fẹ́ fún ọ̀pọ̀lọ́ lóògùn ìgbẹ́ ni?"

"Ìwọ ṣáà dákẹ́."

Mo kán an sí i. Kò mira. Mo tún kán an, mo ń rọra bẹ̀ ẹ́. Ó ta pọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ó tún ta. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí lù bíi ti tẹ́lẹ̀! Mo kígbe, ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ bò mí lẹ́nu.

Kí olùkọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa, èèrà ti ṣáájú rẹ̀ dé.

"Kí lèèrà ń wá níbí?"

"Omi ìgbẹ́ gbuuru ni, sà," ni mo dáhùn.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ọkàn náà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ka iye ìgbà tó ń lù.

"Ó ń lù. Kí ló mú un lù?"

N kò tíì kà á níbì kankan. Ohun tí Màámi máa ń sọ fáwọn ìyá ọlọ́mọ ni mo sọ. "Sà, ẹni tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, iyọ̀ ara rẹ̀ ń bá omi lọ. Omi lásán ò lè tó o. Omi lásán la kọ́kọ́ fún èyí náà, ló fi fẹ́ dúró."

Bí mo ti ń sọ ọ́ ló ń yé èmi fúnra mi: omi ara ọ̀pọ̀lọ́ àti omi ara tèmi, oníyọ̀ ni méjèèjì!

"Ṣúgà ẹ pọ̀ jù fún un," ni olùkọ́ wí, "àmọ́ iyọ̀ ẹ dáa. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Màámi ni, sà."

Ó fa bírò yọ. "Ìyá ẹ ló yẹ kí n fún ní máàkì yìí."

Inú mi dùn débi pé n kò rántí bèèrè bóyá ó fún èmi náà.